Ìbéèrè Yín, Èsì Wa: Ta Ló Yẹ Kó Kọ́ Ilé sí Ìlú Awakùsà?

Lára àwọn lẹ́tà tó dé ọ́fíìsì wa ní Ìjẹ̀bú-Òde lóṣù yìí, mẹ́ta ni mo mú pọ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ láti ìhà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: owó tí ìjọba ń ná sórí ilé gbígbé ní àwọn ìlú tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀ ló gbé èèyàn débẹ̀.

ÌBÉÈRÈ

Olóòtú, mo kí yín o. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Ọmọbìnrin mi ń ṣiṣẹ́ tíṣà ní Karratha, lápá àríwá ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Ọsirélíà, níbi tí òwò òkúta irin ti gbilẹ̀. Ó sọ fún mi pé ìjọba ìpínlẹ̀ ló fún òun ní ilé tí òun ń gbé, àti pé iye tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù òun fún ilé náà kò tó ìdajì ohun tí aládùúgbò òun ń san fún onílé tirẹ̀. Ẹnu yà mí. Ṣé àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá tó ń kó òkúta náà lọ tà kò lówó tí wọ́n lè fi kọ́lé ni? Kí ló kan ìjọba níbẹ̀, tó fi ń kó owó gbogbo ará ìlú lọ síbi tí èèyàn kò pọ̀ sí?
Bàbá Tíṣà, Òkè-Àgbò, Ìjẹ̀bú-Igbó

ÌDÁHÙN

Bàbá, a dúpẹ́ fún lẹ́tà yín, a sì kí ọmọ yín kú iṣẹ́. Ohun tó sọ fún yín rí bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe òun nìkan. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà ní ètò kan tó wà fún ilé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní ìgbèríko. Àwọn tíṣà àti ọlọ́pàá wà lára àwọn tó ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀, ìjọba sì máa ń bá wọn gbé lára owó rẹ̀.

Kí ohun tó fà á tó lè yé wa, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí ibẹ̀ ṣe rí. Pilbara ni wọ́n ń pe agbègbè náà. Ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bí 500,000 kìlómítà níbùú lóòró, èyí tó ju ìdajì ilẹ̀ Nàìjíríà lọ, síbẹ̀ nǹkan bí 60,000 èèyàn péré ló fi ibẹ̀ ṣe ilé. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìjẹ̀bú-Òde nìkan ní èèyàn tó lé ní 150,000 nígbà ìkànìyàn ọdún 2006. Láti Perth tó jẹ́ olú-ìlú ìpínlẹ̀ náà dé Karratha, ọ̀nà náà tó 1,500 kìlómítà, ìyẹn bí ẹni tó gbéra ní Ṣàgámù tó forí lé Maiduguri. Ohun tí wọ́n fi ń kọ́lé, ọ̀nà jíjìn ni ọkọ̀ ti ń rù ú wá. Ìjì líle tún máa ń jà láti orí òkun lọ́dọọdún, nítorí náà wọn kì í fi ìṣó nìkan kan òrùlé mọ́ igi níbẹ̀. Irin ni wọ́n ń ki láti orí òrùlé wọ ìpìlẹ̀, kí afẹ́fẹ́ má baà ká gbogbo rẹ̀ lọ. Bírikìlà tó bá máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí ibi sùn. Nígbà tí ẹ bá ro gbogbo èyí pọ̀, ẹ ó rí i pé ilé tí kò ju yàrá mẹ́ta lọ lè gbé owó tó pọ̀ rékọjá ohun tí irú rẹ̀ ń gbé ní Perth.

Ìbéèrè yín nípa àwọn iléeṣẹ́ bọ́gbọ́n mu gan-an, nítorí pé àwọn gan-an ló kọ́ ilé níbẹ̀rẹ̀. Títí di ọdún 1960, ìjọba àpapọ̀ Ọsirélíà kò gbà kí wọ́n kó òkúta irin jáde kúrò nílẹ̀ náà. Nígbà tí wọ́n dẹ òfin yẹn, ìjọba ìpínlẹ̀ bá àwọn iléeṣẹ́ ṣe àdéhùn pé ẹni tó bá fẹ́ wa òkúta gbọ́dọ̀ fi owó ara rẹ̀ la ojú irin, kó ṣe èbúté, kó sì kọ́ ìlú tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ máa gbé. Bí Dampier, Tom Price, Newman àti Goldsworthy ṣe dìde nìyẹn. Iléeṣẹ́ ló ni ilé, òun ló ń tún un ṣe, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé òun náà ni baálẹ̀. Nígbà tí òkúta tán ní Goldsworthy, wọ́n tú ìlú náà palẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, wọ́n sì kó ilé ibẹ̀ lọ.

Ohun méjì ló yí ọ̀rọ̀ náà padà. Èkíní ni pé láti àwọn ọdún 1980, àwọn iléeṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlú lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Èkejì ni pé wọ́n ṣírò rẹ̀, wọ́n sì rí i pé ó rọrùn láti máa fi bàálù gbé òṣìṣẹ́ láti Perth, kó sun inú yàrá kóńkó nínú àgọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, kó sì padà sọ́dọ̀ ìyàwó àti ọmọ. Àwọn kan ń di ẹ̀bi èyí ru owó orí kan tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ ní 1986 lórí àǹfààní tí agbanisíṣẹ́ bá fún òṣìṣẹ́ yàtọ̀ sí owó oṣù, ilé sì wà lára àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ní tèmi, mi ò rò pé owó orí nìkan lè ṣe é. Ìyàwó tó ní iṣẹ́ ní Perth àti ọmọ tó wà ní iléèwé gíga níbẹ̀ kì í fẹ́ kó lọ sínú aginjù.

Nígbà tó fi máa di ọdún 2005 sókè, Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ sí í ra òkúta irin bí ẹni tí kò ní í tó láéláé. Àwọn iléeṣẹ́ ń wá ibi tí wọ́n máa fi òṣìṣẹ́ sí, wọ́n sì ń san iye tí onílé bá pè. Ẹni tó bá ti wá yàrá rí ní Àgọ́-Ìwòyè nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ń wọlé mọ ohun tí mò ń sọ: ọmọ ilé-iṣẹ́ tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́, tó kàn fẹ́ gbé ìlú náà, iye tí òbí akẹ́kọ̀ọ́ lè san ni wọ́n máa bi òun náà. Ní Port Hedland, ìlú èbúté kan ní Pilbara, àti ní Karratha, nígbà tí ọjà náà gbóná jù lọ, owó ilé lásán lè kọjá 2,000 dọ́là Ọsirélíà, ọ̀sẹ̀ kan ni mo sì wí, kì í ṣe oṣù. Awakùsà kò bìkítà, iléeṣẹ́ ló ń bá a san án. Tíṣà ńkọ́? Nọ́ọ̀sì, ọlọ́pàá, ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì, ẹni tó ń tún mọ́tò ṣe, irú owó wo ni wọ́n ń gbà? Ibi tí ìjọba ti wọlé nìyẹn. Bí kò bá fi ilé mọ́ iṣẹ́ tíṣà, kò ní rí tíṣà. Ìyàrá ìkàwé á wà, ẹni tó máa dúró síwájú àwọn ọmọ ni kò ní sí.

Owó tí ìjọba fi ń ṣe èyí kì í sì í ṣe owó orí àwọn ará Perth nìkan. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lórí òkúta irin, bíi 7.5 nínú 100 iye tí wọ́n bá tà á. Lẹ́yìn ìdìbò ìpínlẹ̀ náà lọ́dún 2008, kò sí ẹgbẹ́ tó rí àyè ìjókòó tó láti dá ìjọba ṣe. Ẹgbẹ́ National, tó jẹ́ ti àwọn ará oko àti ìgbèríko, tí Brendon Grylls ń ṣe olórí rẹ̀, sọ fún Colin Barnett ti ẹgbẹ́ Liberal pé bó bá fẹ́ jẹ́ olórí ìjọba, ìdámẹ́rin owó ìṣákọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ máa padà sí ìgbèríko. Ó gbà. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fi òfin tì í lẹ́yìn, ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n sì kéde ètò ńlá fún Pilbara: Karratha àti Port Hedland máa di ìlú oní 50,000 èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó di 2035. Wọ́n la ilẹ̀, wọ́n ri páìpù omi àti ti ìdọ̀tí, wọ́n kọ́ ilé sí ibi tí wọ́n ń pè ní Osprey ní South Hedland fún àwọn òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe ti iléeṣẹ́ kùsà, wọ́n sì ra lára ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Karratha kí ẹni tó fẹ́ kọ́ ọ tó gbé ìpìlẹ̀, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀.

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà, Bàbá, nítorí inú rẹ̀ ni gbogbo ohun tó tọ́ láti sọ lórí ọ̀rọ̀ yìí wà. Owó ìṣákọ́lẹ̀ máa ń pọ̀ nígbà tí òkúta bá wọ́n lọ́jà àgbáyé. Ìgbà náà gan-an ni bírikìlà, sìmẹ́ǹtì àti ilẹ̀ máa ń wọ́n jù lọ níbi tí wọ́n ti ń wà á. Ìjọba á kó owó jáde nígbà tí ohun gbogbo gbówó lórí. Ilé á gba ọdún mélòó kan kó tó parí. Nígbà tí wọ́n bá sì fi máa fa kọ́kọ́rọ́ léèyàn lọ́wọ́, ọjà lè ti bàjẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Pilbara nìyẹn. Tọ́ọ̀nù òkúta irin kan tó sún mọ́ 190 dọ́là Amẹ́ríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2011 ti wá sábẹ́ 40 dọ́là ní ìparí ọdún 2015. Ilé ní Port Hedland, tí wọ́n ti ń tà tó mílíọ̀nù kan dọ́là àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, já wálẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ìdajì. Àwọn tó yá owó báńkì ra ilé láti fi háyà jẹ gbèsè rẹpẹtẹ. Ìkànìyàn ọdún 2021 sì bá nǹkan bí 22,000 èèyàn ní gbogbo àgbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Karratha, kò sì bá ju nǹkan bí 15,700 lọ ní ti Port Hedland. Ẹ wo bí èyí ṣe jìnnà sí 50,000.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè sọ pé ìjọba fi owó ṣòfò. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ọjà tún gbé sókè lẹ́yìn ọdún 2020, ilé tún wọ́n, owó ilé tún kọjá 1,000 dọ́là lọ́sẹ̀, àwọn páìpù àti ilẹ̀ tí wọ́n ti là sílẹ̀ kò sì sọnù. Ilé tíṣà kò sọnù, nítorí pé bí òkúta gbówó lórí, bí kò gbówó lórí, ọmọ á lọ síléèwé. Ohun tí mi ò lè gbè lẹ́yìn ni kí ìjọba fi owó ará ìlú ta tẹ́tẹ́ pé ìlú máa dàgbà tó bó ṣe kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ tún jẹ́ kí n sọ ọ́ gbangba: àwọn Ngarluma àti Yindjibarndi, tí wọ́n ti wà lórí ilẹ̀ náà kí aláwọ̀ funfun kankan tó dé, ẹ̀yìn ni wọ́n wà nínú gbogbo ìṣirò yìí. Ọ̀pọ̀ wọn wà ní Roebourne, kò jìnnà sí Karratha, nínú ilé tí èrò kún bámúbámú, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ń gbé ọrọ̀ ilẹ̀ wọn kọjá.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin olóòtú wa, Ṣàgámù ni wọ́n ti ń fọ́ òkúta ṣe sìmẹ́ǹtì láti ọdún 1978, kúárì sì pọ̀ káàkiri ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Àwọn ẹbí mi tó wà lókè òkun ń sọ fún mi pé níbòmíràn, ìdá kan nínú owó kùsà ni wọ́n fi ń kọ́lé fún àwọn ará ibẹ̀. Kí ló dé tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún wa ní Rẹ́mọ?
Oníṣòwò obì, Ṣàgámù

ÌDÁHÙN

Ẹ kú òwò o. Ohun àkọ́kọ́ ni pé Ògùn kò ní ohun tí Ìwọ̀-Oòrùn Ọsirélíà ní lọ́wọ́. Níbẹ̀, ìpínlẹ̀ ló ń gba ìṣákọ́lẹ̀. Níbí, òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 fi ọ̀rọ̀ ohun àlùmọ́ọ́nì sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan. Àbújá ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ, Àbújá ló ń gba owó, ohun tó sì padà wá sọ́dọ̀ ìpínlẹ̀ tí ohun náà ti jáde ni ìpín tí òfin sọ pé kò gbọ́dọ̀ dín sí 13 nínú 100. Ohun tó wà lọ́wọ́ gómìnà ni ilẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òfin ilẹ̀ ọdún 1978 ti wí. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ béèrè nǹkan lọ́wọ́ Abẹ́òkúta, ẹ béèrè ohun tó wà níkàáwọ́ rẹ̀: ilẹ̀ tí wọ́n ti wọ̀n, tí wọ́n ti la ọ̀nà àti gọ́tà sí, tí ìwé rẹ̀ kò sì ní gba ọdún mẹ́wàá kó tó jáde.

Èkejì, Ṣàgámù kì í ṣe Karratha. Oríta ni ìlú yín wà. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn àti èyí tó lọ sí Benin ló pàdé níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ lè gbé Ìkòròdú, ó lè gbé Ìjẹ̀bú-Òde, kó sì dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀. Àwọn èèyàn ń fi owó ara wọn kọ́lé ní Ṣàgámù, wọ́n sì ń rí ẹni háyà á fún, láìsí pé ìjọba bá wọn gbé búlọ́ọ̀kù kan. Ibi tí ìjọba ti yẹ kó kọ́lé ni ibi tí ẹnikẹ́ni kò ní fi owó ara rẹ̀ kọ́ ọ, tí a sì nílò èèyàn níbẹ̀ dandan. Bí ẹ bá fẹ́ rí irú ibẹ̀ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ẹ lọ wo àwọn abà tó wà nínú igbó, tí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà tí tíṣà kì í dúró: ó máa ń dé lọ́jọ́ Ajé, ó máa ń lọ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Yàrá méjì, omi àti iná oòrùn fún tíṣà àti nọ́ọ̀sì níbẹ̀ máa ṣe àǹfààní ju ogójì ilé tuntun lọ ní Ṣàgámù.

Ilẹ̀ wa náà ti rí ilé tí wọ́n kọ́ de iṣẹ́ tí kò dé. Ní Ajàòkúta, ìjọba àpapọ̀ kọ́ ìlú sílẹ̀ de àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ irin tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1979. Ilé wà, irin kò jáde. Ẹ sì mọ àwọn ilé tí gbogbo èèyàn ń pè ní ilé Ṣàgárí, tí wọ́n kọ́ púpọ̀ nínú wọn síbi tó jìnnà sí ọjà àti iṣẹ́, tí koríko fi bo òmíràn kí ayálégbé tó dé. Ìlú Enugu ló rí tirẹ̀ gbé, nítorí pé nígbà tí èédú kò lówó mọ́, ó ti ní ojú irin, ó sì ti di olú-ìlú. Àdúgbò Coal Camp tí wọ́n kọ́ fún àwọn awakùsà ṣì kún fún èrò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mọ́tò ni ọ̀pọ̀ wọn ń tún ṣe báyìí.

Ọ̀nà kan wà tí ẹ lè gbà bá àwọn tó ń wa òkúta sọ̀rọ̀ fúnra yín. Òfin ìwakùsà ọdún 2007 sọ pé ẹni tó bá gba ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ bá ìlú tó gbà á lálejò ṣe àdéhùn lórí ohun tó máa ṣe fún wọn kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ béèrè lọ́dọ̀ àwọn olórí àdúgbò yín bóyá irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ wà, ẹ ní kí wọ́n kà á fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí iye ilé tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ dùn mọ́ yín jù. Ní Marikana, Gúúsù Áfíríkà, iléeṣẹ́ ìwakùsà Lonmin kọ ọ́ sínú ètò tó fi gba àṣẹ pé òun máa kọ́ ilé 5,500 fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí àsìkò tí wọ́n dá pé, mẹ́ta ni wọ́n rí. Inú ahéré páànù, tí kò ní omi ẹ̀rọ, ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń gbé lọ́dún 2012 tí wọ́n da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó oṣù, tí ọlọ́pàá sì yìnbọn pa 34 lára wọn lọ́jọ́ 16 oṣù Ẹ̀kẹjọ. Ìgbìmọ̀ olùwádìí tí ìjọba gbé dìde kò fojú fo ọ̀rọ̀ ilé náà dá. Ìjọba tó lágbára láti gba ìwé àṣẹ padà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ náà wà lẹ́nu iṣẹ́ ní gbogbo ọdún tí wọn ò fi kọ́lé. Èyí tó burú nìyẹn. Àdéhùn tí kò dá ọjọ́, tí kò sì sọ ohun tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́, ẹ má ṣe fọwọ́ sí i.

ÌBÉÈRÈ

Ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù wa fẹ́ ra pílọ́ọ̀tì mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ kúárì kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú, ká kọ́ yàrá mẹ́rìndínlógún síbẹ̀. Máníjà ibẹ̀ ti fi ẹnu sọ pé àwọn máa gbà á lódindi fún àwọn òṣìṣẹ́ àwọn, àwọn á sì san owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan. Kí ni ẹ rí sí i?
Akọ̀wé ẹgbẹ́, Ìjẹ̀bú-Òde

ÌDÁHÙN

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ni ilẹ̀. Apá kan tó pọ̀ níhà ibẹ̀ jẹ́ igbó ọba Ọmọ, ìyẹn igbó tí ìjọba dá sí, títí kan ibi tí wọ́n ń pè ní J4, kò sì sí ọmọ onílẹ̀ tó lè fún yín ní rìsíìtì tó dúró lórí ilẹ̀ igbó ọba, bó ti wù kó búra tó.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi wọ́n léèrè iye ọdún tó kù lórí ìwé àṣẹ kúárì náà. Ọdún márùn-ún ni òfin ń fún kúárì lẹ́ẹ̀kan, kó tó tún un gbà. Bí ó bá ku ọdún méjì, ẹ ti mọ ìdí tí wọ́n fi fẹ́ san owó ọdún méjì. Ẹ ṣírò rẹ̀ bí ẹni pé kò sí ọdún kẹta. Mi ò tíì rí ibi tí owó ọdún méjì ti dá owó yàrá mẹ́rìndínlógún padà.

Ọ̀rọ̀ eruku náà wà níbẹ̀. Ní Wittenoom, ní Pilbara kan náà, wọ́n wa òkúta kan tí wọ́n ń pè ní asbestos títí di ọdún 1966, wọ́n sì fi ìyókù rẹ̀ tẹ́ ọ̀nà àti àyíká ilé. Èèyàn tó lé ní 2,000, òṣìṣẹ́ àti ará ilé, ni wọ́n gbà pé ó pa lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn. Ìjọba yọ orúkọ ìlú náà kúrò lára ìlú lọ́dún 2007, wọ́n sì ṣe òfin lọ́dún 2022 láti wó èyí tó kù. Òkúta tiwa kì í ṣe asbestos, àmọ́ eruku òkúta dúdú pẹ̀lú ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, dínámáìtì sì ń la ògiri.

Bí ẹgbẹ́ bá ṣì fẹ́ kọ́lé, ẹ kọ́ ọ sí ẹ̀bá títì lápá Ògbèrè, níbi tí dẹ́rẹ́bà, tíṣà àti alájàpá ti lè háyà á bí kúárì bá kógbá wọlé, kí iléeṣẹ́ náà sì fi mọ́tò gbé òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ sí sáìtì. Mẹ́rin tàbí mẹ́fà ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ́. Kí máníjà náà sì kọ ohun tó fi ẹnu sọ sínú ìwé, kí agbẹjọ́rò yín kà á kí ẹ tó san owó ilẹ̀.